Ta Ló Rán Kòkòrò Lọ sí Ilé Ìwé?

"Àbí èmi ni mo fà á?"

Ìbéèrè tí ìyá mi bi mí nìyẹn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí a jókòó sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Ayétòrò, tí a ń bó ẹ̀gúsí. Àbúrò mi ọkùnrin ń ṣeré nítòsí. Ìyá mi pè é láti apá òsì, kò gbọ́. Ó dìde lọ sí apá ọ̀tún rẹ̀, ó tún un pè, ọmọ náà sì dáhùn. Ó ti lé ní ọdún méjì tí etí òsì rẹ̀ ti di. Ìyá mi wojú mi nítorí pé èmi ni mo ń kọ́ ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì nínú ilé wa. N kò rí ohunkóhun sọ lọ́jọ́ náà. Àròkọ yìí ni ìdáhùn tí mo wá kiri fún un.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni àbúrò mi nígbà tí ọ̀fìnkìn àti ikọ́ mú un nígbà ọyẹ́, tí ara rẹ̀ sì gbóná. Ìyá mi lọ sí kẹ́míìsì kan tí kò jìnnà sí wa. Ó ṣàlàyé bí ara ọmọ ṣe rí, wọ́n sì ka kápúsù mẹ́fà fún un sínú ọ̀rá. Ẹnikẹ́ni kò béèrè ìwé dókítà. Iye owó tó wà lọ́wọ́ ìyá mi ni wọ́n fi mọ iye kápúsù tí wọn yóò kà. Ó ń tú ìyẹ̀fun inú kápúsù sínú ògì, ìdajì láàárọ̀, ìdajì lálẹ́. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ara ọmọ ti balẹ̀, ó ti ń sáré kiri. Ìyá mi wé kápúsù mẹ́ta tó kù, ó fi wọ́n pamọ́ sínú àpótí nítorí ọjọ́ mìíràn.

Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí ibà náà fi padà dé. Ìyá mi lo àwọn kápúsù mẹ́ta náà, wọn kò ràn án. Ọrùn ọmọ gan, kò lè wo ìmọ́lẹ̀, ara rẹ̀ ń gbọ̀n. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Ìlaròó. Wọ́n ṣe ìwọ̀n tí agbára wọn ká, wọ́n sì ní ká tètè máa gbé e lọ sí Abẹ́òkúta. Níbẹ̀ ni wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sínú ìgò tí oúnjẹ kòkòrò wà, kí kòkòrò tó bá wà nínú ẹ̀jẹ̀ náà lè pọ̀ sí i, kí wọ́n sì lè dá a mọ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, èsì jáde: Streptococcus pneumoniae. Orúkọ oògùn bíi mélòó kan wà nísàlẹ̀ ìwé náà, lẹ́tà R tàbí S sì wà níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Dókítà ṣàlàyé pé S ni oògùn tó lè pa kòkòrò náà, R ni èyí tí kòkòrò náà kò kà sí mọ́. Níwájú oògùn tí ìyá mi tú sínú ògì, R ni wọ́n kọ. Abẹ́rẹ́ ceftriaxone tí wọ́n ti ń gún fún un láti ọjọ́ tí a dé ni S wà níwájú rẹ̀. Òun ló gbà á là. Ṣùgbọ́n yírùnyírùn ti mú etí òsì rẹ̀ lọ.

Ìdílé ńlá ni ìdílé Streptococcus. Bí a bá fi ẹ̀rọ tó ń mú ohun kékeré tóbi wò wọ́n, àwọn kan so mọ́ra bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sórí okùn, àwọn mìíràn ń rìn ní méjì-méjì bí ìbejì. Méjì nínú wọn ló kan ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni àkọ́kọ́, Streptococcus pyogenes, ló máa ń fa ọ̀nà ọ̀fun dídùn, ìkún ojú egbò, àti ibà tó máa ń pa abiyamọ lẹ́yìn ìkúnlẹ̀. Ẹni kejì, Streptococcus pneumoniae, ló máa ń fa etí ríro, òtútù àyà àti yírùnyírùn. Kì í ṣe àlejò tó ń ti òkèèrè bọ̀. Inú imú àti ọ̀fun àwọn ọmọdé tí ara wọn le ló sábà máa ń gbé, láìṣe wọ́n ní nǹkan kan. Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló ń gbé. Ìgbà tó bá fi ọ̀fun sílẹ̀ tó bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ ni ogun dé. Àwọn àgbà máa ń sọ pé ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run, láti fi kìlọ̀ fún ọ̀kánjúwà. Lọ́dọ̀ kòkòrò yìí, òótọ́ gidi ni.

Fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún, kò sí ohun tí ọmọ aráyé lè ṣe sí i. Ní 1847, dókítà kan tó ń jẹ́ Ignaz Semmelweis ní Vienna rí i pé àwọn abiyamọ kì í kú tó bẹ́ẹ̀ mọ́ bí àwọn dókítà bá fọ ọwọ́ wọn dáadáa kí wọ́n tó gbẹ̀bí, ṣùgbọ́n kò mọ kòkòrò tó ń ṣiṣẹ́ náà. Ní 1879, Louis Pasteur ní ilẹ̀ Faransé fi kòkòrò onílẹ̀kẹ̀ náà han àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n ti mọ ọ̀tá, àmọ́ wọn kò ní idà. Nígbà tí àwọn àlùfáà Àgùdà dá ilé ìwòsàn Sacred Heart sílẹ̀ ní Lántòrò, Abẹ́òkúta, ní 1895, kò sí ilé ìwòsàn kan láyé, ní ìlú òyìnbó tàbí níhìn-ín, tó ní oògùn tó lè pa Streptococcus nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn. Ogójì ọdún sí i ló kọjá kí idà àkọ́kọ́ tó dé.

Inú aró ló ti jáde. Ní 1935, Gerhard Domagk ará Jámánì kéde pé aró pupa kan tí wọ́n ń pè ní Prontosil lè wo eku tí Streptococcus ti wọ̀ lára. Nígbà tí abẹ́rẹ́ gún ọmọbìnrin rẹ̀ lọ́wọ́ tí kòkòrò yìí sì fẹ́ pa á, Domagk fún un ní oògùn náà, ọmọ sì yè. Idà kejì lágbára jù ú lọ. Ní 1928, Alexander Fleming ní London rí i pé ohun kan tó hù sínú àwo tó fi ń tọ́jú kòkòrò, irú èyí tó máa ń hù bí òwú lára búrẹ́dì tó ti pẹ́, ń lé àwọn kòkòrò sẹ́yìn. Ó pe omi tó ń jáde lára rẹ̀ ní pẹnisílíìnì. Nígbà tó yá, Howard Florey, Ernst Chain àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Oxford wá ọ̀nà láti yọ ojúlówó rẹ̀.

Ìtàn ẹni méjì nínú àwọn tó kọ́kọ́ gba pẹnisílíìnì ni n kò lè gbàgbé. Ọlọ́pàá ni ẹni àkọ́kọ́, Albert Alexander lorúkọ rẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 1941, kòkòrò ti jẹ ojú rẹ̀ kan, ó sì ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Wọ́n gún pẹnisílíìnì fún un, ibà lọ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí jẹun. Ṣùgbọ́n oògùn kò tó. Wọ́n tilẹ̀ ń yọ èyí tó bá inú ìtọ̀ rẹ̀ jáde kí wọ́n lè tún un lò. Oògùn tán, àrùn kò tán. Ó kú ní ọjọ́ 15 oṣù kẹta. Obìnrin ará Amẹ́ríkà ni ẹnì kejì, Anne Miller. Ní 1942, Streptococcus wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn tí oyún bàjẹ́ lára rẹ̀, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ. Wọ́n rí pẹnisílíìnì tó tó fún un. Ó yè, ó sì dàgbà di ẹni àádọ́rùn-ún ọdún kó tó kú ní 1999. Nígbà tí mo ka ìtàn méjèèjì, kápúsù mẹ́fà inú ọ̀rá ló wá sí mi lọ́kàn. Oògùn tí kò tó ni Albert Alexander gbà, nítorí pé kò sí mìíràn láyé. Àbúrò mi náà gba oògùn tí kò tó, nígbà tí oògùn kún orí igbá.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1945, Fleming lọ gba ẹ̀bùn Nobel ní Stockholm, òun pẹ̀lú Florey àti Chain. Ọjọ́ ayọ̀ ni ó yẹ kó jẹ́, ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ ló fi parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó pa ìtàn ọkùnrin kan tó pè ní Ọ̀gbẹ́ni X. Ọ̀nà ọ̀fun ń dun ọkùnrin yìí, ó ra pẹnisílíìnì fúnra rẹ̀, ó lo ìwọ̀n tí kò tó láti pa Streptococcus ọ̀fun rẹ̀, àmọ́ tó tó láti kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe máa dènà oògùn. Ó kó kòkòrò náà ran ìyàwó rẹ̀. Òtútù àyà mú ìyàwó, wọ́n fún un ní pẹnisílíìnì, kò ṣiṣẹ́ mọ́, ìyàwó sì kú. Fleming wá béèrè pé, ta ló pa á? Ó ní àìkíyèsára Ọ̀gbẹ́ni X ló yí ìwà kòkòrò náà padà.

Ẹ wo bí ìtàn náà ti jọ ti ilé wa tó! Ẹ̀rù bà mí nígbà tí mo kà á, mo sì fi í pamọ́ fún ìyá mi. Nígbà tí mo túbọ̀ kàwé ni mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà jìn ju bí Fleming ti sọ ọ́ lọ.

Lọ́nà kìíní, ohun tí Fleming bẹ̀rù kò tíì ṣẹlẹ̀ sí kòkòrò ọ̀fun tó mẹ́nu bà. Títí di òní, pẹnisílíìnì ṣì ń pa Streptococcus pyogenes, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kòkòrò náà ti kọ́ bí yóò ṣe dènà àwọn oògùn mìíràn bíi erythromycin àti tetracycline. Mọ̀lẹ́bí rẹ̀, Streptococcus pneumoniae, ni ó gba ẹ̀kọ́ náà. Ní 1967, wọ́n rí èyí tí pẹnisílíìnì kò ràn mọ́ ní Ọsirélíà. Ní 1977, ìròyìn jáde láti Durban ní Gúúsù Áfíríkà pé wọ́n rí i lára àwọn ọmọdé, àti pé pẹnisílíìnì nìkan kọ́ ló ń dènà mọ́.

Báwo ló ṣe kọ́ ọ? Ìdáhùn ìbéèrè yìí bẹ̀rẹ̀ ní 1928, ọdún kan náà tí Fleming rí ohun tó rí. Ní London kan náà, Frederick Griffith po òkú kòkòrò pneumoniae tó burú mọ́ alààyè èyí tí kò burú, ó sì fi gún eku. Àwọn eku náà kú. Alààyè ti gba ìwà burúkú lára òkú! Ní 1944, Oswald Avery àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní New York fi hàn pé DNA, àkọsílẹ̀ àbùdá inú kòkòrò, ni ohun tí alààyè ń ṣà jẹ lára òkú. Nípa bẹ́ẹ̀, Streptococcus pneumoniae kò nílò kó dúró de ẹ̀kọ́ ara rẹ̀. Ó lè ṣa àbùdá lára àwọn Streptococcus mìíràn tí wọ́n jọ ń gbé inú ẹnu àti ọ̀fun. Bí ẹnì kan bá lo áńtíbáyótíìkì, ìyẹn oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn, fún ohun tí kò nílò rẹ̀, gbogbo kòkòrò ọ̀fun rẹ̀ ló rí oògùn náà. Àwọn aláìlera kú, àwọn tó mọ ọgbọ́n ṣẹ́kù, wọ́n sì ń pín ọgbọ́n náà kiri.

Ọ̀nà kejì ni tiwa ní ilẹ̀ yìí. Láàárín 1952 sí 1964, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF gbé ìjà ko àrùn egbò tí wọ́n ń pè ní yaws ní orílẹ̀-èdè 46, Nàìjíríà sì wà lára wọn. Abẹ́rẹ́ pẹnisílíìnì kan ṣoṣo ló ń wo egbò tó ti fìyà jẹ ènìyàn fún ọdún púpọ̀. Nǹkan bí àádọ́ta mílíọ̀nù ènìyàn ló gbà á. Mo gbà pé láti irú ìgbà náà ni ìgbàgbọ́ wa nínú abẹ́rẹ́ àti kápúsù ti fìdí múlẹ̀, a kò sì lè bá ẹni tó rí irú iṣẹ́ ìyanu bẹ́ẹ̀ wí. Ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ náà kọjá ààlà. Títí di òní ni àwọn ènìyàn ń tú ìyẹ̀fun tetracycline sójú egbò, tí wọ́n ń lo áńtíbáyótíìkì fún ọ̀fìnkìn tí kò ràn rárá, tí àwọn àgbẹ̀ sì ń pò ó mọ́ omi adìyẹ. Òfin sọ pé ìwé dókítà ló yẹ kó ṣáájú rẹ̀, ṣùgbọ́n kẹ́míìsì wà ní orígun àdúgbò, ilé ìwòsàn jìnnà, owó ọkọ̀ sì wọ́n.

Àwọn onímọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ wọn ohun tí èyí ń fà. Láàárín 1986 sí 1998, wọ́n yẹ kòkòrò Escherichia coli 758 wò, èyí tí wọ́n rí nínú ìgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ara wọn le. Oògùn tetracycline, ampicillin, chloramphenicol àti streptomycin wà lára èyí tí wọ́n fi dán wọn wò. Ní 1986, kòkòrò tó lè dènà àwọn oògùn mẹ́rin yìí wà láàárín ìdá 9 sí ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún, bí oògùn bá ti rí. Ní 1998, ó ti di ìdá 56 sí ìdá 100. Kì í ṣe Streptococcus, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan náà ni: àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà kò ṣàìsàn, síbẹ̀ wọ́n ti ń gbé kòkòrò tó ti kàwé kiri nínú ara wọn.

Ilẹ̀ Yewa tiwa wà lẹ́nu ibodè. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ló fa ìlà náà ní 1889, tí Kétu bọ́ sí apá kan, tí àwa sì wà ní apá kejì. Ìlà náà kò dá ọjà dúró, kò dá ìgbéyàwó dúró. Ọmọ tó lọ kí ìyá rẹ̀ àgbà ní Kétu ń gbé kòkòrò imú rẹ̀ dání lọ, ó sì ń gbé òmíràn bọ̀. Kọ́sítọ́ọ̀mù kò lè yẹ inú ọ̀fun ẹnikẹ́ni wò. Nítorí náà, kò sí ìlú kan tó lè dá yanjú ọ̀rọ̀ yìí. Ìwádìí kan tí ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet gbé jáde ní 2022 ṣírò rẹ̀ pé ní 2019, kòkòrò tí oògùn kò ràn pa ènìyàn 1.27 mílíọ̀nù ní àgbáyé, Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sì ni ikú náà ti pọ̀ jù bí a bá fi wé iye ènìyàn. Streptococcus pneumoniae wà lára kòkòrò mẹ́fà tó ṣíwájú.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Iruka Okeke, tó ń ṣe ìwádìí ní Yunifásítì Ìbàdàn, tó sì wà lára àwọn tó ṣe ìwádìí Ilé-Ifẹ̀ yẹn, kọ ìwé kan ní 2011 tó pè ní Divining Without Seeds. Ẹni tó bá mọ Ifá yóò mọ ohun tí àkọlé náà ń sọ: babaláwo tó ń dáfá láìní ikin. Bẹ́ẹ̀ ni dókítà tó ń wo ibà láìní ilé àyẹ̀wò. Ìwé pẹlẹbẹ tí R àti S wà lára rẹ̀ ni ikin dókítà àbúrò mi. Láìsí i, ẹnikẹ́ni kì bá mọ̀ pé abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún ni ó tọ́. Ní 2017, ìjọba àpapọ̀ gbé ètò ọdún márùn-ún jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí lábẹ́ àjọ NCDC, yíyẹ kòkòrò wò káàkiri ilẹ̀ yìí sì wà nínú rẹ̀. Ohun tí mo ń fẹ́ ni kí ikin náà sún mọ́ Ayétòrò, kó má jẹ́ Abẹ́òkúta nìkan ni ọmọ wa yóò ti rí i.

Ọ̀nà kan tún wà tó dára ju oògùn lọ. Láti 2014 ni Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ sí fi abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ń dènà Streptococcus pneumoniae kún èyí tí wọ́n ń fún ìkókó lọ́fẹ̀ẹ́, ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìkẹwàá àti ìkẹrìnlá. Kòkòrò tí kò rí àyè wọlé kò nílò oògùn. Mo wo káàdì àbúrò mi. Ẹyọ kan ṣoṣo ló gbà. Ọjọ́ èkejì bọ́ sí ọjọ́ ọjà.

Nísinsin yìí, mo lè dá ìyá mi lóhùn. Màmá, kì í ṣe ẹ̀yin nìkan. Kò sí ẹni tó lè sọ bóyá kápúsù inú ògì ló kọ́ kòkòrò náà, tàbí ó ti kàwé tán kó tó dé imú àbúrò mi. Ó lè jẹ́ pé òkè òkun ló ti bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé, kí ẹ tó bí mi rárá. Ọ̀pọ̀ ọwọ́ ló san owó ilé ìwé rẹ̀: ọwọ́ ẹni tó ń tà láìbéèrè, ọwọ́ ẹni tó ń rà níwọ̀nba owó, ọwọ́ ẹni tó ń tú u sínú omi adìyẹ, ọwọ́ ìjọba tí kò kọ́ ilé àyẹ̀wò sítòsí. Ọwọ́ tiwa wà níbẹ̀ pẹ̀lú. N kò ní purọ́ fún yín.

Ṣùgbọ́n àgbájọ ọwọ́ kan náà la fi ń sọ̀yà. Ká má ra áńtíbáyótíìkì láìrí ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ ọ́ fún wa, ká lò ó bí wọ́n ṣe kọ ọ́, ká má fi dá ara wa lọ́lá, ká má pín in fún aládùúgbò. Ká gba àjẹsára pé. Mo bi àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kíláàsì bóyá àṣẹ́kù kápúsù wà nílé wọn. Ọwọ́ tó nà sókè pọ̀ ju èyí tó wà nílẹ̀ lọ. Àwa tí a ń lọ sí ilé ìwé ló yẹ ká ti ilé ìwé kòkòrò pa.

Nígbà tí mo ka àròkọ yìí fún ìyá mi tán, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó wọlé, ó ṣí àpótí rẹ̀, ó sì kó ohun tó wà níbẹ̀ jáde: kápúsù mẹ́rin tó ṣẹ́kù nígbà tí eyín ń ro bàbá mi, àti hóró oògùn kan tí ẹnikẹ́ni kò rántí ohun tí wọ́n rà á fún. Ó wé gbogbo rẹ̀ sínú ọ̀rá kan, ó fi lé mi lọ́wọ́.

"Bí o bá ń lọ sí ilé ìwé lọ́la," ó ní, "gba ilé ìwòsàn kọjá. Ní kí wọ́n bá wa dà á nù."